Kì í ṣe gbogbo àpilẹ̀kọ tí jọ́nà fagi lé ni iṣẹ́ olè

Ẹ ṣáà sọ ọ́ láàárín àwọn olùkọ́ yunifásítì pé jọ́nà kan, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ti ń tẹ ìwádìí wọn jáde, ti fagi lé àpilẹ̀kọ Lágbájá, ẹni tó máa béèrè ìdí rẹ̀ kì í pọ̀. "Ó ti jí iṣẹ́ oníṣẹ́." "Dátà yẹn, ó jókòó sílé hun ún ni." Ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ìgbàgbọ́ yìí ti wọra débi pé ẹni tó rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ara rẹ̀ á máa rò ó pé kóun dákẹ́ sàn ju kóun sọ ọ́ lọ. Ìgbàgbọ́ òdì ni, ó sì ń ṣe ìmọ̀ níbi.

Mi ò ní sọ pé wọ́n kàn ṣàdédé gbà á gbọ́ o. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Fang, Steen àti Casadevall, tú àpilẹ̀kọ 2,047 wò, èyí tí àwọn jọ́nà ìṣègùn àti ti ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ti fagi lé. Ìwà àìtọ́ ló fa ìdá 67.4 nínú ọgọ́rùn-ún: ayédèrú dátà, jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́, àti títẹ iṣẹ́ kan náà jáde lẹ́ẹ̀mejì. Olè pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdá 21.3 jẹ́ àṣìṣe lásán. Nínú àpilẹ̀kọ márùn-ún, a máa rí ọ̀kan tí ẹni tó kọ ọ́ kò jalè, tí kò sì purọ́. Ẹni yẹn la máa ń kà mọ́ àwọn tó kù.

Ọ̀nà tí jọ́nà ń gbà yanjú àṣìṣe pàápàá kì í ṣe ẹyọ kan. Bí nọ́ńbà kan bá ṣì nínú tábìlì, tàbí tí wọ́n fo orúkọ ẹnì kan, àtúnṣe ni wọ́n máa tẹ̀ jáde, àpilẹ̀kọ náà á sì dúró. Bí ìfura bá wà tí ìwádìí kò tíì parí, olóòtú lè tẹ ìkìlọ̀ jáde kí àwọn tó ń kà á lè ṣọ́ra. Ìgbà tí kókó inú rẹ̀ kò bá ṣeé gbára lé mọ́ ni wọ́n tó ń fagi lé e. COPE, ẹgbẹ́ tó ń tọ́ àwọn olóòtú jọ́nà sọ́nà, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1997, là á mọ́lẹ̀ nínú ìlànà rẹ̀ pé kí àkọsílẹ̀ ìmọ̀ lè tọ́ ni ìfagilé ṣe wà, kì í ṣe kí wọ́n lè fìyà jẹ òǹkọ̀wé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Pamela Ronald, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣèwádìí ìrẹsì ní Yunifásítì California tó wà ní Davis. Bakitéríà kan wà tó máa ń bá ìrẹsì jà, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ṣóńṣó àti etí, á sì gbẹ. Lọ́dún 1995, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kéde àbùdá tí wọ́n ń pè ní Xa21, èyí tí ìrẹsì fi ń kojú àrùn náà. Ara ìrẹsì ìgbẹ́ kan láti Mali, níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n ti mú àbùdá yìí. Ìbéèrè kan wá kù: kí ni Xa21 ń rí lára bakitéríà náà tó fi ń mọ̀ pé ọ̀tá ti wọlé? Ní 2009, wọ́n kọ ọ́ sínú jọ́nà Science pé ọwọ́ àwọn ti tẹ̀ ẹ́, pé púrótéènì kan tó ń jẹ́ Ax21 ni.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ tuntun dé sí láàbù rẹ̀. Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, èsì àtijọ́ kò jáde. Wọ́n wá fara balẹ̀ yẹ àwọn bakitéríà tí wọ́n tọ́jú pamọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n bá rí i pé orúkọ tí wọ́n kọ sára àwọn kan kì í ṣe orúkọ ohun tó wà nínú wọn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò púrótéènì náà kò sì ṣeé fọkàn tán. Gbogbo ohun tó bà á jẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ láàbù rí mọ̀ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí òun náà.

Ronald fi tó àwọn olóòtú létí. Lọ́dún 2013, àpilẹ̀kọ méjì di èyí tí wọ́n fagi lé, ọ̀kan nínú PLoS ONE, ìkejì nínú Science. Ó tún kọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ síta fún aráyé kà. Láàbù yẹn kan náà padà sẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó sì di 2015, wọ́n kọ ọ́ sínú Science Advances pé nǹkan mìíràn ni Xa21 ń dá mọ̀, RaxX lorúkọ rẹ̀. Ká ní wọ́n ti bo ọ̀rọ̀ orúkọ tó ṣì yẹn mọ́lẹ̀ ni, Ax21 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibòmíràn ì bá ṣì máa fi owó àti ọdún wọn wá kiri.

Frances Arnold náà gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì lọ́dún 2018. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, òun fúnra rẹ̀ kéde lórí Twitter pé àwọn ti fagi lé àpilẹ̀kọ kan tí àwọn tẹ̀ jáde ní 2019, torí pé èsì rẹ̀ kò ṣeé tún rí. Ó tọrọ àforíjì, ó ní ọwọ́ òun dí nígbà yẹn, òun kò sì ṣe ojúṣe òun dáadáa. Kò sẹ́ni tó gba Nobel lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ọ̀rọ̀ dókítà kan tó ń jẹ́ Andrew Wakefield. Lọ́dún 1998 ni òun àtàwọn míì kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Lancet, jọ́nà ìṣègùn, nípa ọmọ méjìlá, tí wọ́n sì fi da ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi sílẹ̀ káàkiri ayé. Nígbà tí jọ́nà náà fagi lé e ní oṣù kejì ọdún 2010, irọ́ tó wà nínú bí wọ́n ṣe sọ pé àwọn ṣe iṣẹ́ náà ló fà á. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àpilẹ̀kọ náà kò sì pa rẹ́, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò pé wọ́n máa ń ṣe. Ó ṣì wà níbẹ̀, àmì pupa gàdàgbà ló wà lójú ewé rẹ̀.

Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ronald àti ti Wakefield. Ìdí nìyí tó fi yẹ kéèyàn ka ìkéde tí jọ́nà fi síta kó tó lanu. COPE ní kí ìkéde náà sọ ẹni tó ń fagi lé iṣẹ́ náà àti ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, kó má sì jẹ́ pé èèyàn máa sanwó kó tó kà á. Àpamọ́ Retraction Watch, tó ń ṣàkójọ àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti fagi lé, tí Crossref, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn àpilẹ̀kọ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, ti ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2023, náà máa ń kọ ìdí sí i. Tí ìkéde kan bá kàn sọ pé "a ti fagi lé e" láìsọ ìdí, olóòtú ló jẹ̀bi ìyẹn. Òun ló fún àwọn èèyàn láyè láti máa méfò.

Ní àwọn yunifásítì wa níbí, iye àpilẹ̀kọ wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó fúnni nígbèéga. Mo mọ ohun tó ń ba olùkọ́ kékeré lẹ́rù. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti wádìí ohun tí ìfagilé ń ṣe sí orúkọ èèyàn, èsì rẹ̀ sì jáde nínú Scientific Reports lọ́dún 2013. Wọ́n rí i pé àwọn onímọ̀ mìíràn kì í tọ́ka sí àwọn iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ti ṣe sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fagi lé ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Níbi tó ti jẹ́ pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló fi àṣìṣe náà sùn, wọn ò rí àdánù yẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti rí i pé nǹkan ṣì, kó kọ́kọ́ fi han àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́, kó kọ̀wé sí olóòtú, kó sì sọ ibi tó ṣì gan-an àti ibi tó ṣì dúró nínú iṣẹ́ náà. Kí àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga náà sì ní kó mú ìkéde jọ́nà wá, kí wọ́n kà á tán kí wọ́n tó dájọ́.