Ará Ẹ̀yìn Odi ni wọ́n, kì í ṣe "dáyásípórà"

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ "dáyásípórà" lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè. Ta ló yé? Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ: ará ẹ̀yìn odi. Ẹni tó fi orílẹ̀-èdè rẹ̀ sílẹ̀ lọ fìdí kalẹ̀ sí òmíràn, ṣùgbọ́n tí ọkàn, owó àti ìmọ̀ rẹ̀ ṣì ń wá sílé, ará ẹ̀yìn odi ni. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, bí òun náà bá ṣì ń ka ilé sí ilé. Èmi ò rí ìdí láti ya wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn kan takú pé "ìfọ́nká" ló tọ́, torí pé lédè Gíríìkì, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, fífọ́n irúgbìn káàkiri ló jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí a fọ́n ká kì í fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹni tó fọ́n ọn. Ìfọ́nká ń sọ bí wọ́n ṣe lọ, kò sọ ohun tó ṣì so wọ́n mọ́ ilé, okùn yẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè dá lé. "Àtìpó" náà ò ṣe é lò: ojú onílé ló fi ń wo èèyàn.

"Ará òkè òkun" ló ń bí mi nínú jù, nítorí irọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣé gbogbo wọn ló sọdá òkun ni? Àìmọye ọmọ Burkina Faso ló ń gbé Côte d'Ivoire, orí ilẹ̀ sì ni wọ́n gbà débẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gan-an kọsẹ̀ níbí. Nínú ìtumọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2005, ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́ńtínẹ́ǹtì nìkan ni wọ́n kà. Ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa ni pé wọ́n fi kún un pé onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fẹ́ lọ́wọ́ nínú ìdàgbàsókè Áfíríkà.

Odi ni ògiri tó yí ìlú ká. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi kò sí nílé, síbẹ̀ odi tí a fi ń júwe ibi tó wà, odi ìlú tirẹ̀ ni. Ẹnìkan bá mi jiyàn pé kò sí odi ìlú mọ́. Ààlà orílẹ̀-èdè ńkọ́, pẹ̀lú físà àti aṣọ́bodè? Odi wo ló tún ga jùyẹn lọ?

Bí okùn tó so ará ẹ̀yìn odi mọ́ ilé ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ju ti ìtàkùn elégédé lọ. Ó fà kúrò nídìí, ó wọ oko olóko, ó ta gbòǹgbò síbẹ̀. Ohun tó ń rí fà níbẹ̀ ń bọ́ ọ, ó sì ń ran ìdí lọ́wọ́ níwọ̀n ìgbà tí ìtàkùn ò bá tíì já. Ìdí náà pàdánù: nọ́ọ̀sì tó kọ́ yanjú ti lọ. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyẹn ní "ìṣànlọ ọpọlọ", bí àwọn kan ṣe ń túmọ̀ "brain drain". Ọpọlọ kì í ṣàn. Èèyàn ló lọ.) Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń padà bọ̀: Báńkì Àgbáyé ṣírò pé ní 2023, nǹkan bíi bílíọ̀nù 656 dọ́là ni àwọn ará ẹ̀yìn odi fi ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí towó ṣe tó àti àwọn tó wà láàárín. Ó ju owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ìjọba lọ dáadáa. Àwọn tó ń pè é ní owó àjẹtán ń ṣàṣìṣe, torí ọmọ tó jẹun tó sì lọ sílé ìwé, ìdàgbàsókè ni. Ibi tí ìtàkùn ti fún ni owó iṣẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ afowóránṣẹ́ ń gbà: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ́ kó wálẹ̀ kọjá 3 nínú 100 tó bá fi máa di 2030, ó ṣì lé ní 6.

Ní Mẹ́síkò, ètò ìjọba kan bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ó sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dá a dúró: nígbà náà, bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Amẹ́ríkà bá mú péṣò 1 wá fún iṣẹ́ ìlú, ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ á fi 1 kọ̀ọ̀kan lé e. Ṣé ẹ máa pe àwọn yẹn ní ìfọ́nká?

Àtakò kan ṣoṣo tí mo gbà ni èyí tó kan "ọmọ ẹ̀yìn odi", tí ẹlòmíràn lè fẹ́ lò dípò "ará ẹ̀yìn odi". Ẹni tó bá ń kà á kíákíá á rí "ọmọ ẹ̀yìn", á sì rò pé ọmọlẹ́yìn ẹnìkan ni wọ́n. Ẹ fi "ará" síbẹ̀.