Bí Àdúrà Bá Gbà, Ta Ni Òfin Yóò Mú?

Ìbéèrè yìí jọ àwàdà létí, àmọ́ ojú ẹni tó ń béèrè rẹ̀ kì í jọ ti aláwàdà. Ẹnì kan dìde lóru, ó bẹ Ọlọ́run pé kó mú ọ̀tá òun kúrò lọ́nà. Kò pẹ́, ọ̀tá dùbúlẹ̀ àìsàn, ó kú. Àwọn ará ilé òkú gbọ́ nípa àdúrà náà, wọ́n ní àwọn ń lọ sí kóòtù. Ṣé ẹjọ́ wà níbẹ̀?

Kò sẹ́ni tí wọn ò lè pè lẹ́jọ́. Kí ẹjọ́ ọ̀hún fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni wàhálà.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dé iwájú adájọ́ rí. Ní ìlú Dallas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Mikey Weinstein, olùdásílẹ̀ àjọ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn àwọn sójà, pe Gordon Klingenschmitt lẹ́jọ́. Klingenschmitt ti ṣe àlùfáà fún àwọn ọmọ ogun ojú omi rí. Ẹ̀sùn Weinstein ni pé ó ń gbàdúrà ibi lé òun àti ìdílé òun lórí, Sáàmù 109 ló sì ń lò, àti pé ìyẹn ló fà á tí àwọn èèyàn fi ń halẹ̀ mọ́ àwọn, tí wọ́n ń ba ilé àwọn jẹ́. Ẹni tó bá mọ Sáàmù yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ti ìtùnú: ó ń tọrọ kí ọjọ́ ayé ọ̀tá kúrú, kí aya rẹ̀ di opó. Ní 2012, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Kò dá sí bóyá àdúrà náà lágbára tàbí kò lágbára. Kò kàn rí ẹ̀rí tó so àdúrà pọ̀ mọ́ ìhalẹ̀ àti ìbàjẹ́ tí Weinstein ń ráhùn sí ni.

Ibi tí irú ẹjọ́ yìí máa ń kú sí nìyẹn. Olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun tí olùjẹ́jọ́ ṣe ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí tí èèyàn lè gbé yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká ní iná jó ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ sì ti fi fóònù gba ohùn aládùúgbò yín sílẹ̀ níbi tó ti ń pariwo pé, "Iná Ọlọ́run, sọ̀ kalẹ̀ sórí ṣọ́ọ̀bù lágbájá!" Ohùn rẹ̀ ni, orúkọ yín ló dá, ọjọ́ sì bára mu. Bí ẹ bá wá bá mi, mi ò ní kọ́kọ́ gba fóònù yẹn. Ìwé àbájáde ìwádìí àwọn panápaná ni máa béèrè. Bó bá jẹ́ pé wáyà tó ti gbó ló ṣaná, ẹjọ́ parí nìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá rí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lẹ́yìn ilé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ohùn inú fóònù á sì wá wúlò gidi, torí yóò jẹ́ kí adájọ́ rí i pé onítọ̀hún ti ń dì yín sínú tipẹ́.

Bí olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ bá wá fọwọ́ sọ̀yà ní kóòtù pé, "Èmi ni mo fi àdúrà pa á" ńkọ́? Kò tó. Ẹnu rẹ̀ kò lè fìdí ohun tí ẹlẹ́rìí kankan ò lè rí múlẹ̀. Inú burúkú hàn níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òfin kì í fìyà jẹ inú burúkú tí kò dé ọwọ́. Àwọn kan á ní kí a kúkú pè é ní ìgbìyànjú láti pànìyàn. Nílẹ̀ Jámánì, ìpín 23 nínú òfin ìwà ọ̀daràn gba adájọ́ láyè láti má fìyà jẹ ẹni tí àìmọ̀kan rẹ̀ pọ̀ débi pé ohun tó lò kò lè ṣiṣẹ́ láé. Àwọn onímọ̀ òfin ibẹ̀ tiẹ̀ ń sọ pé ẹni tó gbára lé agbára àìrí kò tíì gbìyànjú ohunkóhun. Ó lè dun onígbàgbọ́ kí wọ́n ka àdúrà rẹ̀ mọ́ àìmọ̀kan, àmọ́ ààbò rẹ̀ náà nìyẹn.

Kì í ṣe bó ṣe rí látijọ́ nìyẹn o. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1604 ní kí wọ́n pa ẹni tó bá fi àjẹ́ pààyàn. Ní 1735 wọ́n yí i padà: ẹni tó ń purọ́ pé òun ní irú agbára bẹ́ẹ̀ ló wá di ọ̀daràn.

Bó bá jẹ́ àrá tàbí ìjì ló ṣe iṣẹ́ náà, ọwọ́ olùpẹ̀jọ́ tún ṣófo sí i. Nínú ẹjọ́ Nichols àti Marsland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876, òjò tí ẹnikẹ́ni ò retí irú rẹ̀ ya adágún omi inú ọgbà obìnrin kan, omi sì gbé afárá mẹ́rin lọ. Kóòtù ní àmúwá Ọlọ́run ni, obìnrin náà kò jẹ gbèsè. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé Ọlọ́run ló rán àrá sí òun ti fẹnu ara rẹ̀ gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn aláàdúrà. Kó lọ pe Ọlọ́run lẹ́jọ́ ló kù. Ernie Chambers, sẹ́nétọ̀ ní ìpínlẹ̀ Nebraska lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dán an wò ní 2007. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2008 torí pé kò sí àdírẹ́sì tí wọ́n lè mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ.

Àdúrà tí kò gbà gan-an ló ń kó èèyàn sí wàhálà. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà kan náà, ní 2008, ìtọ̀ ṣúgà ń bá ọmọbìnrin ọdún 11 kan jà. Àwọn òbí rẹ̀ kò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, àdúrà ni wọ́n ń gbà lé e lórí títí ó fi kú. Wọ́n dá wọn lẹ́bi pé ìwà àìbìkítà wọn ló pa á, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i ní 2013. Òfin Wisconsin ní ìpín kan tó dáàbò bo òbí tó ń fi àdúrà wo ọmọ, àmọ́ àwọn adájọ́ ní ẹ̀sùn ìfìyàjẹ ọmọ nìkan ni ìyẹn wà fún, kò kan ẹ̀sùn ikú. Ẹ máa gbàdúrà yín. Bí ọmọ kò bá lè mí dáadáa mọ́, inú mọ́tò ni kẹ́ ẹ ti máa gbà á, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ti owó náà wà níbẹ̀. Nínú ẹjọ́ Ballard ní 1944, tó kan àwọn tó ń gbowó pẹ̀lú ìlérí ìwòsàn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ní kóòtù kò lè máa wádìí bóyá òtítọ́ ni ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Bóyá ẹni tó ń gbowó gba ohun tó ń wí gbọ́ tọkàntọkàn ni wọ́n wádìí.

Ẹlòmíràn á gbàdúrà ibi tán, á tún gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ọ̀tá lórí WhatsApp. Ọlọ́run ò nílò WhatsApp. Ìgbà tó fi í ránṣẹ́ ni àdúrà di ìhalẹ̀, ọlọ́pàá sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú ìyẹn.

Ìjẹ́rìí nínú ìjọ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹni tí àdúrà rẹ̀ gbà á gba makirofóònù, á ní, "Ìyá kan wà lẹ́yìn ilé wa, àjẹ́ ni, mo gbàdúrà, ó ṣubú." Ìjọ á pàtẹ́wọ́. Ìyá náà lè má kú o, ó sì lè lọ́mọ tó jẹ́ agbẹjọ́rò. Lábẹ́ Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, ìpín 210, ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2. Èyí tí ọmọ ìyá yóò sì kọ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́ tirẹ̀ ni ìbanilórúkọjẹ́, fídíò ìsìn tí ìjọ fúnra rẹ̀ gbé sórí Facebook ni yóò fi ṣe ẹ̀rí. Ẹ jẹ́rìí yín, àmọ́ ẹ yọ orúkọ àti àpèjúwe ẹlòmíràn kúrò níbẹ̀.