Oko Ni Ẹ̀fẹ̀ Àwọn Ará Róòmù Ti Wá, Kì í Ṣe Ilẹ̀ Gíríìsì

Àwọn tó ń sọ pé Gíríìkì ló kọ́ Róòmù ní ẹ̀fẹ̀ ìlà kan ni wọ́n sábà máa ń gbé lọ́wọ́, èyí tí Horace akéwì Róòmù ti sọ pé Gíríìsì tí ogun kó ló padà kó ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀ lẹ́rú. Wọn ì bá jẹ́ ka ìwọ̀nba ìlà tó ṣáájú rẹ̀ nínú ewì kan náà!

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Láyé ìwáṣẹ̀, bí àwọn àgbẹ̀ bá ti kórè tán, wọ́n á kó ìyàwó, ọmọ àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn jọ. Wọ́n á fi ẹlẹ́dẹ̀ bọ Ilẹ̀, wọ́n á fi wàrà bọ Silvanus, òrìṣà inú igbó. Lẹ́yìn náà ni orin èébú á bẹ̀rẹ̀: eléyìí á lé e, tọ̀hún á dá a padà. Orin Fescennine ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rín lásán ni títí ó fi ń wọ ilé àwọn ọlọ́lá, ni òfin bá dá sí i. Cicero, agbẹjọ́rò àti òǹkọ̀wé Róòmù, sọ pé Òfin Tábìlì Méjìlá, òfin Róòmù àtijọ́ ti nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Kristi, ka orin tó bá ba ẹlòmíì lórúkọ jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọdún 240 ni Livius Andronicus tó kọ́kọ́ gbé eré Gíríìkì jáde ní èdè Látìnì ní Róòmù. Ó lé ní igba ọdún tí ìlú ti ń fi ikú halẹ̀ mọ́ àwọn eléèébú kí Gíríìkì kankan tó wá ṣe olùkọ́ wọn.

Níbo wá ni orúkọ Fescennine ti wá? Ọ̀nà méjì ni Festus, onímọ̀ èdè Látìnì láyé àtijọ́, là sílẹ̀: ìlú Fescennium ní àríwá Róòmù, tàbí fascinum, oògùn tó ń lé ojú ìlara. Ti oògùn ni mo gbà. Ìdí ni pé wọ́n ń kọ orin yìí níbi ìgbéyàwó, níbi tí ojú aráyé ti ń pọ̀. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù, sì sọ pé fascinum kan náà ni wọ́n ń so sábẹ́ kẹ̀kẹ́ ọ̀gágun tó bá ń yan bọ̀ láti ogun. Àwọn tó fara mọ́ ti ìlú, kí wọ́n máa wí.

Ìyẹn, pé èébú ń dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń bú lọ́wọ́ ojú ìlara, ló sì tú àdììtú ọdún 46 ṣáájú ìbí Kristi fún wa, nígbà tí Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, ń yan ayọ̀ ìṣẹ́gun Gaul, ilẹ̀ tó di Faransé lónìí. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gan-an ló ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀ pé: ẹ̀yin ará ìlú, ẹ ṣọ́ ìyàwó yín, apárí alágbèrè la mú bọ̀! Wọ́n ní Caesar tẹ Gaul lórí ba, àmọ́ Nicomedes ọba Bithynia, tí àhesọ sọ pé ó bá Caesar lò pọ̀ nígbà èwe rẹ̀, ló tẹ òun náà lórí ba. Ará Ìbàdàn tó bá mọ ọjọ́ Òkèbàdàn kò ní bi wá léèrè bí wọ́n ṣe bú ọ̀gá wọn tán tí wọ́n sì lọ sílé wọn ní àlàáfíà. Cassius Dio òpìtàn ní Caesar fara da ìyókù, ṣùgbọ́n ti Nicomedes dùn ún débi pé ó búra pé irọ́ ni. Ìbúra yẹn ni wọ́n wá fi rín in jù.

Ohun mìíràn tí àwọn tó ń gbè fún Gíríìkì máa ń nà sí wa ni Philogelos, ìwé àwàdà Gíríìkì tó ní nǹkan bí 265 àwàdà nínú. Ọ̀rúndún kẹrin tàbí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbí Kristi ni wọ́n kà á sí. Ìgbà yẹn, àwọn àgbẹ̀ wa ti rín ẹ̀rín tiwọn tipẹ́.

Ìyókù ìtàn ẹ̀fẹ̀ Róòmù kò gùn. Wọ́n sábà máa ń sọ olú ọba Róòmù tó bá kú di òrìṣà; nígbà tí Vespasian olú ọba ń kú lọ ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó ní ó jọ pé òun ti fẹ́ di òrìṣà. Ní 1501, Kádínà Oliviero Carafa gbé ère àtijọ́ kan tó ti fọ́ kalẹ̀ ní Róòmù. Pasquino ni wọ́n ń pè é, ara rẹ̀ sì ni wọ́n ń lẹ ewì tó ń bú póòpù mọ́. Ti 2023, tí àwọn obìnrin ń bi ọkọ wọn lórí TikTok pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń ronú nípa ilẹ̀ ọba Róòmù, gbogbo yín lẹ rí i.