Súwíìṣì abẹ́ àga kọ́ ló ń pa ẹ́ńjìnnì yín

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ní Amẹ́ríkà tó ní ẹ̀rọ ìgékoríko tí à ń gùn ló gbà pé súwíìṣì abẹ́ àga, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó jókòó bá dìde, kàn ń yọ èèyàn lẹ́nu ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń kú lẹ́nu iṣẹ́, wọn a ní, "Gé wáyà méjèèjì, so wọ́n pọ̀, ó parí." Kò parí o.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Maryland pè mí. Tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti gba orí gegele kọjá, a kú. Ó so wáyà pọ̀ bí wọ́n ṣe sọ fún un, ẹ́ńjìnnì ò wá jí mọ́ rárá. Owó kọ́ìlì tuntun, ìyẹn ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ló ti ń wá kí n tó débẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yìí kì í gba iná púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́ bátìrì. Máginẹ́ẹ̀tì ara irin rìbìtì tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì ló ń mú iná wá nínú kọ́ìlì. Wáyà kan jáde lára kọ́ìlì yẹn: bó bá ti kan bọ́dì, ìyẹn irin ara ẹ̀rọ, iná pa, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Lára ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n, nígbà tí àga bá ṣófo ni súwíìṣì ń so wáyà náà mọ́ bọ́dì. Ẹni tó wá so méjèèjì pọ̀ ti sọ fún ẹ́ńjìnnì pé kò sẹ́ni tó jókòó, títí láé. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó jẹ́ òdìkejì èyí, òmíràn sì ní ẹsẹ̀ wáyà mẹ́rin. Bí iná bátìrì 12 fọ́ltì bá sì ṣèèṣì wọ wáyà kọ́ìlì, ó lè jó o.

Mo gbé àga sókè. Sípíríǹgì ti ha èèpo wáyà kan, bàbà inú rẹ̀ yọ fíntín, kò ju orí èékánná lọ. Tí ẹ̀rọ bá ti fò, bàbà a kan irin. Súwíìṣì ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fa wáyà púlọ́ọ̀gì kúrò. Ẹ fi mítà tó ń dún bí ojú wáyà méjì bá so pọ̀ sẹ́nu súwíìṣì, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jù ú sílẹ̀. Bí mítà bá ń dún tó sì ń dákẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ wá ojú wáyà tó ti bó, ibi tó dípẹtà, ibi tí eku jẹ. Ẹ yẹ súwíìṣì bíréèkì àti ti abẹ wò pẹ̀lú.

Mo dí ojú wáyà náà dáadáa, mo dá súwíìṣì padà sípò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó tan án, ó jí. Mo ní kí ó gbé ìdí díẹ̀ kúrò lórí àga nígbà tí abẹ ń yí. Ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀.