Làmídì: Níbo ni L iwájú orúkọ yìí ti wá?

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Abdul-Hamid ni àfáà pè sínú máíkì. Kí wọ́n tó ká àga kúrò lágbàlá, ìyá àgbà ti ń pọ́n ọmọ náà lé: "Làmídì, ọkọ mi." Màmá kò ṣi orúkọ pè o. Ohun tí ẹnu Yorùbá ṣe sí orúkọ yẹn ní ìlànà tirẹ̀.

Nínú èdè Lárúbáwá, nǹkan mẹ́ta ló so pọ̀ níbẹ̀. Abdu ni ẹrú. Al ni ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú orúkọ. Hamid sì ni Ẹni tí ìyìn tọ́ sí, ọ̀kan lára àwọn orúkọ Ọlọ́run. Ẹni tó bá ń kírun mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ó wà nínú àsàlátù tí wọ́n máa ń ṣe lórí ìjókòó ìkẹyìn: innaka Hamidun Majid. Gbòǹgbò kan náà ló bí Muhammad, Ahmad, Mahmud àti alhamdulilahi tó wà lẹ́nu gbogbo wa.

Fífà ohùn níbẹ̀ kì í ṣe eré. Haamid, tí a bá fa a gùn, ni ẹni tó ń yin ẹlòmíràn. Hamiid, tí a bá fa i gùn, ni ẹni tí à ń yìn. Ibi tí Lárúbáwá ti fa i yẹn gan-an ni Yorùbá gbé ohùn sókè sí nínú Làmídì.

Orúkọ náà gùn jù fún ìpè ojoojúmọ́, Abdu bá kọ́kọ́ já bọ́. Ó wá ku l àti Hamid. H tí Hamid ní, inú ọ̀fun ló ti ń wá, kì í sì í pẹ́ sọnù lẹ́nu Yorùbá. Ẹ wo Alhaji, tó di Àlàájì. Bí h ṣe lọ, l rí fáwẹ́lì dì mú: La-mi. Yorùbá kì í fi d parí ọ̀rọ̀, ni i bá tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Abdul-Aziz ṣe di Làsísì. Ìró ọ̀fun tó tẹ̀ lé al níbẹ̀ kò sí lédè wa rárá, z sì di s. Ṣùgbọ́n Gàníyù, Kàrímù àti Kàdírì kò ní L níwájú, torí g àti k kì í sọnù, l kò sì rí ibi fara tì. Ti Ràúfù tún yàtọ̀: àwọn Lárúbáwá fúnra wọn kì í pe l ṣáájú r, Abdur-Rauf ni wọ́n ń wí.

Ẹrú ló bọ́, orúkọ Olúwa rẹ̀ ló kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn àfáà kan fi ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má gé Abdu kúrò.

Orúkọ náà ti jìnnà kọjá ilé kéú. Sultan Abdul-Hamid Kejì, tó jọba ilẹ̀ Tọ́kì láti 1876 sí 1909, ló fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Mohammed Shitta nígbà tí wọ́n ń ṣí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ l'Ékòó ní 1894. Bí ìdílé náà ṣe di Shitta-Bey nìyẹn. Làmídì ni Ọba Adéyẹmí Kẹta, Aláàfin Ọ̀yọ́ láti 1970 títí di 2022. Làmídì náà ni Fákẹ́yẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún: orúkọ mùsùlùmí níwájú, Ifá nínú orúkọ ìdílé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà.

Lóde òní, Abdulhameed ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ẹ̀rí ìbí. Àwọn ọ̀rẹ́ ilé ìwé a gé e sí Hameed. Abdu lọ, L náà sì bá a lọ. Ìyá àgbà nìkan ló kù tó ń pe Làmídì.