Ó Ṣeé Ṣe Kó Jẹ́ Oko ni Toguna Àwọn Dogon Ti Wá

Bí àwọn Dogon ilẹ̀ Mali bá tẹ abúlé dó sí òkè Bandiagara, toguna ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ́. Àtíbàbà ni, kò ní ògiri, pòròpórò jéró ni òrùlé rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ làwọn àgbà ọkùnrin ti ń parí ẹjọ́. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀.

Marcel Griaule, òyìnbó Faransé tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1931, ni òkìkí ìtàn pé òpó mẹ́jọ toguna dúró fún baba ńlá mẹ́jọ ti ọwọ́ rẹ̀ kàn. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n toguna tí òpó rẹ̀ kò tó mẹ́jọ wà, èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ sì wà.

Oko ni kí a wò. Àgbẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ kì í da pòròpórò jéró nù, nítorí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá fi í sílẹ̀, ikán á mú un; ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ kí ìyàn tó dé. Á ri òpó mẹ́rin, á tẹ́ igi lé e, á kó pòròpórò sórí rẹ̀. Òjìji ti dé nìyẹn, ibẹ̀ ni ẹni tí oòrùn oko pa yóò sì wọ̀. A ò ní ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ báyìí ni toguna ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó lè wà lára ìdí tí òrùlé rẹ̀ fi lè nípọn ju mítà kan lọ níbi tí òjò ò ti pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú òrùlé bẹ́ẹ̀ tún ń mú kí abẹ́ rẹ̀ tutù.

Bí wọ́n ṣe ń to pòròpórò sórí toguna nìyí: ìpele kan lọ ní òòró, èyí tó tẹ̀ lé e lọ ní ìbú. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọjú síbì kan náà, á yọ̀ ṣubú. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á kó tuntun lé ti àtijọ́ tó ti jẹrà tó sì ti rọlẹ̀. Bí òjò bá rin ín, ó máa ń wúwo. Igi tí ikán ti jẹ nínú á dá lábẹ́ rẹ̀. Òrùlé náà kò ga tó ẹni tó dúró. Ẹni tí inú bí tó fẹ́ fò dìde, igi á gbá a lórí, á tún jókòó.

Ní 1989, UNESCO fi Bandiagara sínú ohun àjogúnbá àgbáyé. Àwọn oníṣòwò ère ti ra òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí, àwọn kan sì jí i. Àwọn abúlé kan ha ère ara òpó tiwọn kúrò kí olè má bàa fẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn fi òkúta rọ́pò igi.