Omi ni yóò sọ iye ebè: ọgbà ilé ìwé ní ìwọlé sáà kìn-ín-ní

Bí a bá ti wọlé ní oṣù kẹsàn-án báyìí, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi láti ẹnu àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ àti àwọn òbí: "Tíṣà, a fẹ́ dá ọgbà sílẹ̀ ní ilé ìwé. Kí ni ká gbìn?" Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, láàárín Òmù-Àrán sí Ọ̀fà ni mo sì ti ń ṣe é. Ìbéèrè lèmi náà fi ń dá wọn lóhùn: níbo ni omi wà, ta ni yóò sì máa pọn ọ́n?

Ní ìhà tiwa yìí, oṣù kẹrin ni òjò máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, kì í sì í sábà kọjá òpin oṣù kẹwàá. Ilé ìwé tó bá wọlé ní ìdajì oṣù kẹsàn-án, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà òjò ló kù fún un. Òjò oṣù kẹsàn-án a sì máa pọ̀ gan-an, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ilẹ̀ rọ̀, ara àwọn ọmọ yá, ọ̀gá ilé ìwé ní kí gbogbo kíláàsì jáde, wọ́n ro ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Tó bá fi máa di oṣù kọkànlá, kànga ti ń fà, ewé ti ń pọ́n lórí ebè. Mo ti rí ọmọ kíláàsì kẹrin tó dúró ti ẹsẹ̀ ilá rẹ̀ tó gbẹ kó tó so, tó ń fi ike kékeré bu omi ìmu rẹ̀ sí i. Ó dùn mí, nítorí àwa àgbà la ṣìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Òjò tó ga ní mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan géérégé ni. Nígbà ẹ̀rùn, oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gba bíi mìlímítà mẹ́rin sí márùn-ún lára ebè ẹ̀fọ́ lójúmọ́. Ebè tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà mẹ́ta, yóò mu lítà 12 sí 15 lóòjọ́. Ebè mẹ́wàá yóò mu tó 150 lítà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́fà lójoojúmọ́, títí kan Sátidé àti ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ bá ti mọ iye kẹ́ẹ̀gì tí kànga tàbí ẹ̀rọ omi ilé ìwé yín lè fún yín láì ṣe àwọn ọmọ ní ẹ̀dín omi ìmu, ẹ ti mọ iye ebè yín nìyẹn. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ etí odò Àsá ní Ìlọrin kò jókòó ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n gbé ebè wọn sí: ibi tí agolo omi kò ní rìn jìnnà. Fún kíláàsì kan, ebè mẹ́ta ti tó. Fún àwọn ọmọ kékeré, ẹ má jẹ́ kí ebè fẹ̀ ju 80 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ọwọ́ wọn lè dé àárín láì tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, oko ilé ìwé ni wọ́n máa ń lé wa lọ bí a bá pẹ́ dé, bí a bá pariwo, tàbí bí owó ilé ìwé kò bá tíì pé. A ó ro tiwa nínú oòrùn, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa á máa wò wá láti ojú fèrèsé. Nígbà tí iṣu bá ta, ilé àwọn olùkọ́ ló ń lọ. Mi ò rántí pé a jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo dàgbà tán kí n tó lè di ọkọ́ mú láì ronú pé mo ṣẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ gbogbo olùkọ́ tó bá ń gbọ́ mi: ẹ má fi ọgbà jẹ ọmọ níyà, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ sì jẹ́ kí ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde gba ọwọ́ àwọn ọmọ kọjá. Kí wọ́n já a, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n pín in. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ tà á, kí wọ́n mọ iye tí ẹ tà á àti ohun tí ẹ fi owó náà rà.

Ní ti ohun tí ẹ ó gbìn, ẹ gbin èyí tí àwọn ọmọ yóò rí òpin rẹ̀ kí sáà tó parí. Tẹ̀tẹ̀ ṣe é já ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ewédú gba bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ilá bí àádọ́ta sí ọgọ́ta ọjọ́. Ẹ fi ànàmọ́ àti iṣu sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Wọn ò ní tíì ta dáadáa kí ìdánwò sáà kìn-ín-ní tó dé. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré gan-an, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú kan ni gbogbo rẹ̀ yóò hù sí.

Ewédú ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ ọmọ. Èèpo hóró rẹ̀ le, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í hù bí a bá gbìn ín bẹ́ẹ̀ lásán. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n: wọ́n á di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, wọ́n á rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sá a sí ibòji. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni kó ṣe ti omi gbígbóná yìí o, kì í ṣe ọmọ. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọmọ ka ọgọ́rùn-ún hóró tí a rì bọ omi, kí wọ́n gbìn ín sí apá kan ebè. Kí wọ́n ka ọgọ́rùn-ún mìíràn tí a kò rì, kí wọ́n gbìn ín sí apá kejì. Kí wọ́n máa ka èyí tó hù láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n yà á sórí ìwé aláwọ̀n (gíráàfù). Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó máa ń sú wọn lórí pátákó á yé wọn lórí ebè yìí, nítorí ojú wọn ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ẹ má bu ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i. Ó ń jó gbòǹgbò, ó sì ń kó àrùn bá ewé tí a ó jẹ. Ẹ wá èyí tó ti jókòó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ ti lọ. Kí ọmọ kankan má sì kúrò ní ọgbà láì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Àwọn òbí kan kì í fẹ́ gbọ́ pé ọmọ wọn ń kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi. Lójú wọn, ilé ìwé tí kò ní òrùlé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn wọ́n. Kíláàsì tó wó tí ìjọba kò tún kọ́ kò ní ohun tí a fi lè yìn ín. Ohun tí mò ń sọ yàtọ̀: kí ọmọ ní yàrá ìkàwé tó dára, kó sì tún ní ibi ìjókòó níta fún ẹ̀kọ́ tó yẹ níta. Ní Ìlọrin, ta ni kò mọ àwọn ọmọ kéwú tó jókòó sí ìta pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, tí ohùn wọn ń ròkè? Ní Jámánì, ní Charlottenburg lẹ́bàá Berlin, wọ́n ṣí ilé ìwé kan sínú igbó ní 1904 fún àwọn ọmọ tí ara wọn kò le, kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ará Jámánì náà ni Friedrich Froebel, ẹni tó sọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní ọgbà àwọn ọmọdé ní 1840, tó sì ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀ láti gbin nǹkan sí.

Ibi tí ẹ ó gbé bẹ́ǹṣì sí lábẹ́ màǹgórò tàbí dongoyaro ṣe pàtàkì. Láàárọ̀, ìwọ̀-oòrùn ni òjìji igi ń bọ́ sí. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹta, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà sí wa, nítorí náà àríwá ni òjìji ń lọ. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì sí àárín àríwá àti ìwọ̀-oòrùn ìdí igi, ibòji á wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Mo ti rí ilé ìwé tó fi sìmẹ́ǹtì mọ bẹ́ǹṣì sí ìlà-oòrùn igi. Títí di òní, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni oòrùn ń lé àwọn ọmọ kúrò lórí rẹ̀.

Òjìji yìí fúnra rẹ̀ tó kọ́ kíláàsì fún odidi sáà kan. Ẹ ri igi tó tọ́, tó ga ní mítà kan, mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Kí àwọn ọmọ máa fi òkúta sàmì sí orí òjìji rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, láti aago méjìlá lọ. Ẹnu á yà wọ́n pé kì í ṣe aago méjìlá ni òjìji kúrú jù, bí ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ìdí ni pé ìlà kan tí a fojú inú yà láti àríwá ayé sí gúúsù, tó wà ní ìkọjá Màídúgùrí, ni aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé, oòrùn a sì kọ́kọ́ dé ọ̀hún kó tó kàn wá lórí. Ní ìdajì oṣù kẹsàn-án, òjìji tó kúrú jù yìí kò ju bíi 10 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń gba ìsinmi oṣù kejìlá, yóò ti lé ní 60. Ọmọ tó bá fi rúlà wọn èyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò mọ̀ pé oòrùn ń rìn lọ sí gúúsù, láì jẹ́ pé ẹnì kankan kọ́ ọ ní àkọ́sórí.

Ewúrẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí ẹ ó bá pàdé. Ọ̀pọ̀ ni yóò ní kí ẹ gbin lápálápá yí ọgbà ká, nítorí ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é ní ilé ìwé. Hóró rẹ̀ a máa dùn lẹ́nu ọmọdé, májèlé sì ni. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń dá sílẹ̀. Pẹrẹgún ni kí ẹ gé gúnlẹ̀, kí ẹ sì fi ọpa oparun dí àárín rẹ̀ títí yóò fi pọ̀. Bí òjò bá ń lọ, àwọn ọmọ tata á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n á sì ṣù jọ sórí ewé kan láàárọ̀ tí ara wọn ṣì tutù. Àkókò yẹn ni kí ẹ gbọ̀n wọ́n sínú garawa omi ọṣẹ. Oògùn apakòkòrò kò ní iṣẹ́ kankan nínú ọgbà ọmọdé.

Ìsinmi oṣù kejìlá ló ń pa ọgbà tó bá bọ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́. Ẹ já tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tán kí ẹ tó lọ, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ewúro nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì bá ẹnì kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá bomi rin ín ni yóò máa já a. Ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé ló bá wa ṣe é lọ́dún kan. Nígbà tí a wọlé ní oṣù kìn-ín-ní, ewúro tutù yọ̀yọ̀, Màmá sì ti fi ebè ata kan kún un. Ó ní kí àwọn ọmọ wá kà á, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn.